Ilé Là Á Wò Ká Tó Sọ Ẹ̀dá-Ìtàn Lórúkọ: Ìbéèrè Yín àti Èsì Wa

Orúkọ ló gba iwájú nínú lẹ́tà tó dé lóṣù yìí. Fún ẹni tí kò bá tíì jókòó ti irú eré yìí rí: èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á yí tábìlì ká, ẹnì kan á máa darí ìtàn (DM là ń pè é), àwọn yòókù á mú ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan, dáìsì á sì máa pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ bá já sí. Dungeons & Dragons, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, ni àgbà wọn. Òun náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe, nítorí náà òun la ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù.

Ìbéèrè: Dragonborn (irú ẹ̀dá tó jọ dírágónì) ni mo mú. Mo kọ orúkọ rẹ̀ ní Torinn Daardendrian, DM wa bá ní mo kọ ọ́ sódì. Ṣé orúkọ ní òfin nínú eré yìí ni, àbí ó kàn ń wá ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀? (Láti Abẹ́òkúta)

Èsì: DM yín jàre. Nínú Player's Handbook (ìwé òfin eré náà) ti ọdún 2014, dragonborn máa ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú láti bọlá fún ìdílé, nítorí náà Daardendrian Torinn ló ń jẹ́. Ẹni tó bá ti jẹ́ orúkọ nínú rẹ́jísítà iléèwé ní Nàìjíríà rí kò ní í bá èyí jà. Wọ́n tún máa ń ní ìnagijẹ ìgbà ọmọdé, tí àwọn tí ẹyin wọn jọ wà nínú ìtẹ́ kan náà fi ń pè wọ́n.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n á sáré lọ síbi tí ìwé to orúkọ sí, wọ́n á mú èyí tó dùn lẹ́tí, wọn ò ní í wo ìpínrọ̀ kékeré tó wà lókè rẹ̀. Inú ìpínrọ̀ yẹn ni iṣẹ́ wà. Ẹ wo elf, ẹ̀dá ẹlẹ́tí ṣóńṣó tó ń pẹ́ láyé: orúkọ ọmọdé ló ń jẹ́ títí yóò fi kéde ara rẹ̀ ní àgbà, nígbà tó bá tó nǹkan bí 100 ọdún, ìgbà náà ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ yan òmíràn. Bí elf yín bá jẹ́ ẹni 140 ọdún, orúkọ méjì ló yẹ kó wà nínú ìwé rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n láti kékeré sì lè má jáwọ́ nínú ti ọmọdé. DM tó gbọ́n á lo èyí: bí lẹ́tà bá dé tó jẹ́ orúkọ ọmọdé ló wà lára rẹ̀, a ti mọ̀ pé ará ilé ló kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó tú u.

Ti dwarf (ẹ̀dá kúkúrú tó le koko) le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbà ìdílé ló ń fún un ní orúkọ tí àwọn ará ìṣáájú ti jẹ́ rí, ìdílé ló sì ni orúkọ náà, kì í ṣe ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Èyí tó bá kó ẹ̀gàn bá a, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òfin ò sì ní í gbà á láyè láti fi orúkọ dwarf mìíràn rọ́pò. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti rí ẹ̀dá-ìtàn tí wọ́n kọ sára ìwé rẹ̀ pé "dwarf tí ìdílé lé jáde", tí orúkọ ìdílé ṣì wà gbàgà lókè! Irú ẹni bẹ́ẹ̀, orúkọ tí àwọn ará ọjà sọ ọ́ ni kó máa jẹ́.

Gnome, ẹ̀dá tó kéré ju dwarf lọ, ló jọ wá jù. Bí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló rí: ìyá, bàbá, àgbà ìdílé, àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n òbí, oníkálukú ló ń sọ tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ò sọ pé wọ́n ń ju owó sínú omi. Láàárín àjèjì, mẹ́ta péré ni gnome ń lò: orúkọ ara rẹ̀ kan, ti ìdílé, àti ìnagijẹ kan, èyí tó bá dùn ún pè jù. Volo's Guide to Monsters, ìwé àfikún ti ọdún 2016, fi tabaxi (ẹ̀dá bí ológbò) àti kenku (ẹ̀dá bí ẹyẹ) kún un. Gbólóhùn ni orúkọ tabaxi, bíi "Ìkùukùu Lórí Òkè", wọ́n á wá gé e kúrú fún ìpè ojoojúmọ́. Ìró ni ti kenku, nítorí ẹ̀dá tó ń sín ohun tó bá gbọ́ ni: ìró òòlù lórí irin lè jẹ́ orúkọ, kí àwọn ẹ̀dá yòókù máa pè é ní Alágbẹ̀dẹ.

Kí ẹ tó yan orúkọ, ẹ dáhùn mẹ́ta yìí sí etí ìwé yín: ta ló fún un? Ìgbà wo ló gbà á? Ta ló lè gbà á padà?

Ìbéèrè: Mo máa ń fi ọwọ́ ara mi ṣe orúkọ. Èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn ni Zhyr'xqath. Kò sẹ́ni tó pè é dáadáa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, "Sir" ni wọ́n ń pè é báyìí. Níbo ni mo ti ṣì í? (Láti Ìbàdàn)

Èsì: Ibi tí ẹ ti ṣì í ni pé ojú lẹ fi ṣe é. Ẹnu ni wọ́n ń fi ṣe eré yìí. Orúkọ tí ẹnu ò bá gbé, ẹgbẹ́ yín á sọ ọ́ lórúkọ mìíràn láàárín wákàtí kan, "Sir" sì ti dé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìró. Ẹ yan kọ́ńsónáǹtì méje tàbí mẹ́jọ fún irú ẹ̀dá kan, fáwẹ̀lì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì pinnu bí sílébù ṣe ń parí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fẹ́ ará etí odò: l, m, n, r, s, w, y, a, e, i, o, gbogbo sílébù ń parí sí fáwẹ̀lì. Ẹ ó rí Soriwe, Lameya, Neyola. Fún ará orí àpáta: b, d, g, k, r, t, z, a, o, u, sílébù ìkẹyìn gbọ́dọ̀ parí sí kọ́ńsónáǹtì. Ẹ ó rí Gorduk, Bazrat, Tokrag. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ibi tí Gorduk ti wá. Ohun tí ẹ yọ kúrò ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: bí ará odò bá ní k àti g pẹ̀lú, kò sí ìyàtọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣe òpó mẹ́ta, sílébù mẹ́fà nínú òpó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ju dáìsì olójú mẹ́fà lẹ́ẹ̀mẹta. 6 lọ́nà 6 lọ́nà 6 jẹ́ 216, ìyẹn sì tó fún ìlú kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni kò ní í dára. Ẹ jù wọ́n nù láìwo ẹ̀yìn.

Ní ti àmì ' náà, a kì í fi í sínú orúkọ torí kó lè dà bí ohun àràmàǹdà. Nínú Yorùbá, iṣẹ́ kan ló ń ṣe: ó ń fi hàn pé lẹ́tà kan ti jáde, bíi n'ílé, f'ọmọ. Kí tiyín náà ní iṣẹ́ kan péré: bóyá ó ń so orúkọ ilé mọ́ ti ọmọ, bóyá ibẹ̀ lọ̀nà ọ̀fun ti ń dé pa. Ẹ̀ẹ̀kan nínú orúkọ kan, ó tó.

Ìdánwò tó kù kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì. Ẹ pe orúkọ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta kíákíá, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Bí ohun tó kọ bá fi ju lẹ́tà méjì lọ yàtọ̀ sí tiyín, ẹ tún un ṣe. Ẹ wo lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ yín pẹ̀lú: Kael, Kira, Kargan àti Keth lórí tábìlì kan, ìpalára tó tọ́ sí ẹnì kan á bọ́ sórí ẹlòmíràn. Àti ohun tí ìwé Amẹ́ríkà kò lè kìlọ̀ fún yín: Oku, Ole, Iku, Igbe jẹ́ sílébù tó mọ́ tónítóní lójú ẹni tí kò gbọ́ èdè wa. Ẹ fi ọ̀kan nínú wọn sọ ọba elf ní Ìbàdàn kí ẹ wo bóyá eré á tún tẹ̀ síwájú lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìbéèrè: Xanathar's Guide to Everything, ìwé àfikún mìíràn, ní tábìlì orúkọ fún "Niger-Congo". Mo fẹ́ kí ẹ̀dá-ìtàn mi jẹ́ Yorùbá gidi. Ṣé kí n lo tábìlì yẹn? (Láti London)

Èsì: Rárá, ẹ fi sílẹ̀. Ìwé ọdún 2017 yẹn fún Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Sípéènì ní tábìlì tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fún Niger-Congo ní ẹyọ kan. Niger-Congo kì í ṣe orúkọ àwọn èèyàn kan. Ẹbí èdè ni, tí Yorùbá, Ìgbò, Swahili, Zulu àti èdè tó lé ní 1,000 wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ju dáìsì lé e lẹ́ẹ̀mejì lè fi orúkọ àwọn tí ilẹ̀ wọn jìnnà síra ju London sí Moscow lọ sọ ọmọ ìyá méjì. Kò burú fún onílé ọtí tí a ò ní í rí mọ́. Fún ẹ̀dá-ìtàn tí ẹ ó gbé fún ọdún kan, ẹ ṣe tiyín. Dáìsì olójú mẹ́fà méjì ló gbà.

Ìjù àkọ́kọ́ ni ilé tó ti wá:
1 – Adé (ìdílé ọba)
2 – Ifá (babaláwo)
3 – Ògún (alágbẹ̀dẹ àti oníṣẹ́ irin)
4 – Àyàn (onílù)
5 – Ọdẹ́ (ọdẹ)
6 – Ọ̀jẹ́ (eléégún)

Ìjù kejì ni ohun tí ilé náà ń sọ:
1 – kúnlé
2 – wálé
3 – yẹmí
4 – níyì
5 – lékè
6 – bùnmi

Ẹ so méjèèjì pọ̀: 4 àti 2 jẹ́ Àyànwálé, 5 àti 6 jẹ́ Ọdẹ́bùnmi, 2 àti 1 jẹ́ Ifákúnlé, tí wọ́n sábà máa ń gé sí Fákúnlé. Orúkọ 36 nìyẹn, ọkùnrin lè jẹ́ ẹ, obìnrin lè jẹ́ ẹ. Àǹfààní tó wà nínú òpó kejì ni pé òun fúnra rẹ̀ ni ìpè kúkúrú: Kúnlé, Wálé, Yẹmí, Níyì, Lékè, Bùnmi. Àwọn tí wọn ò gbọ́ Yorùbá lórí tábìlì yín ní London á lè pe ìyẹn, a ó sì fi odindi pamọ́ fún ìgbà tí ọba bá ń pè é jáde ní ààfin. Ìjù àkọ́kọ́ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí Àyàn bá jáde, ẹ̀dá-ìtàn náà ti ilé onílù wá, bard (akọrin tó ń fi orin pidán) ló sì rọrùn jù láti fi ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ ajagun síbẹ̀, ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ta ló jogún ìlù nílé?

Oríkì ni tí ẹ ó fi kún un, ìyẹn ló sì ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Fún ọkùnrin: Àjàní, Àkànní, Àyìndé, Àlàó, Àlàbí, Àdìgún. Fún obìnrin: Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́, Àmọ̀kẹ́, Àbẹ̀ní. Ìyá tàbí ìyá àgbà ló ń fi oríkì pe èèyàn, láti fi tù ú tàbí láti fi rọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀tá pè é bẹ́ẹ̀.

Orúkọ àmútọ̀runwá kì í ṣe ohun tí à ń yàn. Ẹ ju dáìsì olójú 20 kí ẹ tó ju àwọn yòókù: 1 sí 16, kò sí, 17, ìbejì ni, 18, Ìgè, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, 19, ìwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, Òjó bó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná bó bá jẹ́ obìnrin, 20, Dàda. Bó bá jẹ́ 17, ẹ rántí pé Táíwò ló kọ́kọ́ jáde ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, kí DM sì máa mọ ibi tí ìkejì wà.

Àṣìṣe tí à ń rí jù ni Babátúndé tí bàbá àgbà rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú ìtàn, Ìdòwú tí ìyá rẹ̀ kò bí ìbejì rí, àti orúkọ tí wọ́n kọ láìsí àmì ohùn. Ọdẹ ń ṣọdẹ nínú igbó. Ọ̀dẹ̀ ni ẹni tí kò gbọ́n. Ohùn nìkan ló wà láàárín wọn.

Ìbéèrè: DM ni mí. Bí wọ́n bá ti béèrè orúkọ adènà tàbí ẹni tó ń ta ẹja, ẹnu mi á wọhò. Gbogbo wọn ló ti di "John" báyìí. (Láti Ìlọrin)

Èsì: Ẹ kọ orúkọ 20 sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mẹ́wàá láti inú èdè àwọn ará ìlú tí ẹgbẹ́ yín wà, márùn-ún láti ti àwọn àlejò ìlú náà, márùn-ún tí kò jọ èyíkéyìí. Ní wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ò ní í lò tó ìdajì. Bí ẹ bá ti lo ọ̀kan, ẹ fa igi sí i, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: iṣẹ́, ibi, àmì ara. "Bazrat, adènà, ẹnu ibodè àríwá, etí kan." Bí ẹ kò bá kọ ìyẹn, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á padà wá bá Bazrat, ẹ ó sì ti gbàgbé pé etí kan ló ní. Wọn ò ní í gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ta ló ní gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ ní orúkọ? Ní àdúgbò wa, ta ló mọ orúkọ Ìyá Aláta? Bàbá Ṣadé ni Bàbá Ṣadé ń jẹ́ títí wọ́n á fi lẹ ìwé òkú rẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ fún àwọn èèyàn inú ìtàn yín ní irú èyí, ẹgbẹ́ yín á rántí wọn ju Bazrat lọ. Ìyàwó ilé pàápàá kì í pe àwọn ọmọ ọkọ ní orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Òpéléńgé, Awẹ́lẹ́wà, Akọ̀wé ló ń pè wọ́n. Ẹ gbé èèwọ̀ yìí lọ sí ìlú kan nínú ìtàn yín: ẹgbẹ́ tó ń wá apànìyàn á bá aya ilé sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí, kò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo ohun tó sọ á sì jẹ́ òótọ́.

Ìbéèrè: Mo ya máàpù erékùṣù kan, ìlú 11 ló wà lórí rẹ̀. Gbogbo orúkọ wọn ń dún bí oògùn akọ ibà. Ẹ gbà mí. (Láti Àkúrẹ́)

Èsì: Orúkọ ìlú kì í jábọ́ láti òfuurufú. Bí ilẹ̀ ṣe rí, tàbí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tàbí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, ọ̀kan nínú mẹ́ta. Abẹ́ òkúta ni Abẹ́òkúta. Ẹ̀bá ọ̀dàn ló di Ìbàdàn. Ogbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ẹni tó gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ló di Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ wo bí ẹnu ṣe lọ̀ wọ́n kúnná.

Nítorí náà, ẹ kọ gbólóhùn ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó ní ìtumọ̀. Níbi tí fáwẹ̀lì méjì bá ti pàdé, ẹ yọ ọ̀kan. Bí ìlú náà bá ti gbó gan-an, ẹ yọ sílébù kan sí i. "Orí Àpáta" á di Orápáta, á tún di Orápa. "Ẹ̀bá Òkun" á di Ẹ̀bókun, lẹ́yìn náà Bókun. Ìlú àgbà ni kí ẹ lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìlú tí wọ́n tẹ̀ lánàá kí ó ṣì máa sọ ìtumọ̀ rẹ̀ jáde. Nínú 11 yín, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ti lọ̀ tán tó. Máàpù náà á wá máa sọ ọjọ́ orí ìlú láìsí pé ẹ kọ ọdún sí i.

Bí ẹ bá ní òrìṣà kan tí orílẹ̀-èdè mẹ́ta ń bọ, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiwa lókè òkun. Ṣàngó di Xangô ní Brazil àti Changó ní Cuba. Ọ̀ṣun di Oxum, ó di Ochún. Yemọja di Iemanjá, ó di Yemayá. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n: lẹ́tà x ni àwọn ará Brazil fi ń kọ ìró ṣ, àwọn ará Cuba kò ní ìró náà nínú Spanish wọn, wọ́n bá mú èyí tó sún mọ́ ọn jù, ch. Ẹ ṣe irú òfin yìí fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, òfin méjì péré, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹni kan lórí tábìlì bá fúnra rẹ̀ rí i pé òrìṣà kan náà ni àwọn ọ̀tá méjì ń bọ, ẹ ó gbádùn ara yín.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ìwé tuntun kò kọ "race" mọ́? Kí ni ká máa pè é ní Yorùbá? (Láti Òṣogbo)

Èsì: Pathfinder, eré mìíràn tó gbajúmọ̀, ti ń lo "ancestry" láti ọdún 2019; Wizards of the Coast, tó ni D&D, kéde "species" ní December 2022, ó sì wọ Player's Handbook ti 2024. Ìdí rẹ̀ ni pé "race" ni wọ́n fi ń pín ènìyàn sí ọ̀nà ní ayé gidi. "Ẹ̀yà" ní àléébù kan náà ní Nàìjíríà, ẹ má lò ó. "Irú ẹ̀dá" la fara mọ́. "Phylactery" náà ti lọ, ohun tí lich (oṣó tó ti kú tó ṣì ń rìn) ń fi ẹ̀mí rẹ̀ pamọ́ sí: orúkọ àpótí ìwé mímọ́ tí àwọn Júù ń so mọ́ apá àti orí nígbà àdúrà ni. Pathfinder ń pè é ní "soul cage" báyìí.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ tẹ ìrìn-àjò tí mo kọ jáde bíi PDF, kí n sì tà á. Orúkọ wo ni n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn? (Láti Èkó)

Èsì: Ọ̀rọ̀ yìí ti ká àwọn tó dá eré náà sílẹ̀ gan-an mọ́. Hobbit, ent àti balrog wà nínú àtẹ̀jáde ọdún 1974. Àwọn tó ní ẹ̀tọ́ òwò lórí iṣẹ́ Tolkien, òǹkọ̀wé The Lord of the Rings, fárígá ní 1977, hobbit bá di halfling, ent di treant, balrog di balor. Ẹ̀dá ò yí padà, orúkọ ló yí. Halfling, treant àti balor yìí lẹ lè lò lónìí.

Ìwé tí ẹ ó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nígbà tí ẹ bá ń kọ ni SRD 5.1, àkójọ òfin D&D tí wọ́n fún gbogbo èèyàn láyè láti lò. Wizards of the Coast gbé e sábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons CC-BY-4.0 ní January 2023: ẹ lè lò ó, ẹ lè tà, bí ẹ bá ṣáà ti kọ gbólóhùn ìdúpẹ́ tó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé yín bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ wá gbogbo orúkọ ẹ̀dá àti idán inú ìtàn yín níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Beholder, mind flayer, displacer beast, githyanki, carrion crawler àti umber hulk kò sí nínú àkójọ ẹ̀dá rẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún olówó wọn. Idán tó ní orúkọ oṣó lára ló máa ń mú èèyàn jù. Bigby's Hand jẹ́ Arcane Hand nínú SRD, Melf's Acid Arrow jẹ́ Acid Arrow, Leomund's Tiny Hut jẹ́ Tiny Hut, Tenser's Floating Disk jẹ́ Floating Disk. Iṣẹ́ idán náà kan náà ni. Orúkọ oṣó ni wọ́n yọ. Bó bá jẹ́ Pathfinder lẹ fẹ́ kọ fún, àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023 ti pààrọ̀ ọ̀pọ̀ orúkọ (magic missile di force barrage, tiefling àti aasimar di nephilim), ìwé tuntun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí owó ńlá bá wà lórí rẹ̀, ẹ wá lọ́yà.

Orúkọ àwọn oṣó yẹn fúnra wọn, ìṣeré ọ̀rẹ́ ló pọ̀ nínú wọn. Tenser ni Ernest, orúkọ ọmọ Gary Gygax (ọ̀kan nínú àwọn tó dá D&D sílẹ̀), tí wọ́n da lẹ́tà rẹ̀ rú. Drawmij ni Jim Ward tí wọ́n kà láti ẹ̀yìn. Vecna ni Vance, òǹkọ̀wé Jack Vance tí wọ́n fẹ́ràn. Melf kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: M fún ọkùnrin, elf fún irú ẹ̀dá, bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀dá-ìtàn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kíka lẹ́tà Yorùbá láti ẹ̀yìn kì í sábà ṣeé pè. Ẹ lo sílébù: Bùnmi á di Mibùn, Lékè á di Kèlé. Tàbí kí ẹ lo ẹnà tí a fi ń bo ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lójú ní kékeré, kí ẹ máa ki g àti fáwẹ̀lì bọ ẹ̀yìn sílébù kọ̀ọ̀kan: Wálé á di Wágálégé. Orúkọ ẹgbẹ́ awo nìyẹn, ẹni tó bá mọ ẹnà á sì tú u.

Ìbéèrè: Ẹ̀dá-ìtàn mi kú, àlùfáà sì jí i dìde. Ṣé ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ yí? (Láti Ilé-Ifẹ̀)

Èsì: Ó dá lórí idán tí wọ́n lò. Revivify gbọ́dọ̀ wáyé láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì ń jẹ dáyámọ́ńdì 300 gp (owó wúrà inú eré). Ìyẹn ò tó sọ lórúkọ, ó dákú ni. Raise Dead (ọjọ́ mẹ́wàá ó pẹ́ jù, dáyámọ́ńdì 500 gp) àti Resurrection (ó lè tó 100 ọdún, 1,000 gp) ti jẹ́ kí ìlú gbọ́, kí ẹlòmíràn sì ti jogún ohun ìní rẹ̀. Níbẹ̀ ni orúkọ àbíkú ti wúlò, bí ìnagijẹ tí àwọn ọ̀rẹ́ fún un: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Kòsọ́kọ́ la fẹ́ràn fún ẹni tó ti kú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má lo Babátúndé, nítorí ẹni kan náà ló padà, kì í ṣe àtúnwá.

Reincarnate ló yàtọ̀. Ara tuntun ló ń fún un, nínú ìwé ọdún 2014, dáìsì olójú 100 ló ń sọ irú ẹ̀dá tó máa jẹ́. Bí dwarf bá kú tó sì jí bí elf, òfin orúkọ méjì ló kọlu ara wọn: ìdílé dwarf lè sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n gba orúkọ wọn, àwọn elf á ní kò tíì pé ọdún kan láàárín àwọn, orúkọ ọmọdé ni kó lọ máa jẹ́. Ẹ kọ orúkọ àtijọ́ sílẹ̀, ẹ fa igi kan ṣoṣo sí i, kí ó ṣì ṣeé kà, kí ẹ sì bi DM yín ẹni tó máa kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ níwájú ìta.